Omi Ọjọ́ Méjìlá

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé èmi àti ọkọ mi kàn jókòó sínú ilé olówó tí à ń jayé orí wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Iṣẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, a sì fọwọ́ sí i, èmi àti òun. Bí ẹnìkan bá bá mi nínú báàfù olókùúta dídán ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìfófòó ọṣẹ bò mí dé ọrùn, kó yáa kí mi pé ẹ kú iṣẹ́.

Ilé náà wà lórí òkè kékeré kan tó dojú kọ òkun. Ẹni tó ni ín kọ́ ọ parí, ó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin péré, ó bá wọ bàlúù padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà nìyẹn, kò tíì yọjú. Ọkọ mi ló lẹ gbogbo táìsì ilé náà, láti ìloro títí dé ìsàlẹ̀ adágún tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá Títọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bí táìsì kan bá fi bí irun orí yà kúrò lójú ìlà, yóò hú u, yóò sì tún un lẹ̀. Èmi ni mo fọ ilé nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán. Ibi tí a ti ń palẹ̀ mọ́ ni obìnrin tó ya àwòrán ilé náà ti pè wá. Ayàwòrán la máa ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há irun. Ó ní ká má lọ, ká dúró máa tọ́jú ilé.

Ó wá gbé ìwé kan fún wa, ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì. Ó ní ilé etí òkun tí èèyàn kò bá mí sí nínú, iyọ̀ á jẹ irin rẹ̀, ọ̀rinrin á jẹ pákó rẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà, dandan ni ká máa lo gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn. Àga, ká jókòó sí i. Báàfù, ká wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀.

Mo ní, "Mà, títí kan ibùsùn onílé?"

Ó ní, "Màmá, ibùsùn tí èèyàn ò bá sùn lé, olú ló máa hù lórí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ara ẹni méjì. Yàrá mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, a sì ń sùn yí wọn ká bí ẹni ń ṣe àlejò ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó jókòó wákàtí méjì ní yàrá sinimá, lórí àga tó máa ń na ẹsẹ̀ èèyàn jáde fúnra rẹ̀, kí awọ àga má bàa là. Ọkọ mi kì í wo nǹkan kan tán. Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ti ń dún báyìí, ó ti ń hanrun. Mo bi í léèrè nígbà kan pé ṣé ìwé sọ pé kó máa sùn níbẹ̀. Ó ní ìwé kò sọ pé kóun má sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi láti máa sọ ọ́. Ayàwòrán kò fi ògiri dí àárín ilé náà rárá. Ó ní ọ̀nà atẹ́gùn nìyẹn. Tí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, òkun lo máa rí tààrà ní ìdàkejì. Atẹ́gùn á gòkè wá láti ojú omi, á gba àárín ilé kọjá, á fọwọ́ kan aṣọ fèrèsé, á fọwọ́ kan ewé inú ìkòkò, á sì bá ẹnu ọ̀nà jáde jẹ́jẹ́, bí àlejò tó mọ̀ pé onílé níṣẹ́ lọ́wọ́. Etí òrùlé gùn débi pé òjò kì í kan ògiri. Pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni gbogbo fèrèsé, èèyàn lè yí wọn ṣí, kó yí wọn dé. Oòrùn á gba àárín wọn wọlé ní ìlà-ìlà sórí ilẹ̀, àti lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ àwọn ìlà yẹn á máa gùn sí i, wọn á gun ẹsẹ̀ àga, wọn á gun ògiri, wọn á sì pòórá lójú wa níbi tá a jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbé ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ tí mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ gbá.

Yàrá ìwẹ̀ ńlá kò ní òrùlé. Ògiri yí i ká, òdòdó sì ń fà lára ògiri, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ojú sókè, sánmà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀ níbẹ̀, ẹyẹ funfun kan fò kọjá lókè orí mi, mo sáré fi ọwọ́ bo àyà. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá wọn, fọkàn balẹ̀. Ẹyẹ yẹn ò mọ̀ ọ́."

Adágún omi ni ó rẹwà jù. Etí rẹ̀ kan wà tí kò ga ju omi lọ, omi á kún dé bèbè níbẹ̀, á sì dàbí ẹni pé ó ń ṣàn lọ bá òkun. Tí o bá jókòó sínú ilé, o ò ní mọ ibi tí tiwa parí sí àti ibi tí tòkun ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi fi lẹ táìsì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbi àtẹ̀gùn, wọ́n funfun. Bó o ṣe ń lọ síwájú, wọ́n á máa di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì di aró níbi tí omi ti mu èèyàn dé àyà. Ṣe ni o kàn máa ń bá ara rẹ nínú aró, o ò ní lè sọ ìgbà tó o wọ̀ ọ́.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi. Ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún táìsì kan ṣe, ó bá rọra fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré, mo tiẹ̀ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó dìde kí n ráyè kọjá. Títí di òní, bí mo bá rántí pé mo fi ẹsẹ̀ ti ọkọ mi lọ́jọ́ náà, omi á lé sí mi lójú. Wọ́n gbà á là nílé ìwòsàn. Ẹnu rẹ̀ tọ́ padà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ padà wá díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ̀ jálẹ̀. Orí àga onítáyà la gbé e padà wálé.

Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ẹsẹ̀ ló sọ pé omi máa ń gbé ìwọ̀n ara èèyàn, pé bí a bá rí omi tó mọ níwọ̀n, kí á máa mú un rìn nínú rẹ̀. Mo wò ó lójú. Mo ní, "Omi ńkọ́? Omi tá a ní, látìgbà tó ti ṣàìsàn, kò sí ẹni tó ń lò ó ju àkèré lọ."

Ìwé Ayàwòrán sọ pé ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ni ká máa wọ adágún. Èmi sọ ọ́ di ojoojúmọ́, ní agogo méje àárọ̀, kí oòrùn tó le. Màá ti àga rẹ̀ dé etí omi, yóò sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, yóò fi ìdí wọ́ dé ìkejì, ìkẹta, èmi á ti wà nísàlẹ̀, màá na ọwọ́ méjèèjì sí i. Mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń gbàdúrà, eyín mi ń gbá ara wọn. Ó di ọwọ́ mi mú, mo fi ẹ̀yìn rìn, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó sì dúró pẹ́. Omi wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ tó sùn. Ó rìn. Ọkọ mi rìn láti inú funfun dé inú ewé, láti inú ewé dé inú aró. Mo bú sẹ́kún, ó sì ń sọ fún mi pé kí n máa wo ẹ̀yìn mi kí n má bàa ṣubú sínú omi.

Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Rárá. Bí a bá ti gòkè, ẹsẹ̀ náà á tún di igi.

A ti fẹ́ra fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà yẹn. A bí ọmọbìnrin kan, ó wà nílé ọkọ, ó máa ń pè wá lórí fóònù. A jìyà pọ̀, a jẹun pọ̀, a bára wa jà dáadáa, torí mo ní ẹnu, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ká sọ pé mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, ká jọ máa rìn? Níbo? Iṣẹ́ kì í jẹ́. Òun á ti lọ níwájú pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Inú omi yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ̀ nínú omi. Lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́ ti tó o. Nínú omi, á sọ fún mi pé ọjọ́ báyìí lòun lẹ táìsì tí mo tẹ̀ yìí, òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun sì ń ronú pé kí ni màá sè. Nígbà mìíràn, á pa ojú dé, á kàn máa rìn, màá sì máa fà á lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ariwo kankan àfi ti omi tó ń já sílẹ̀ ní bèbè. Bí mo bá ní kó yára, á ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n, Ìyá wọn." Màá ní kí bàbá arúgbó yé sọ̀sọkúsọ, ẹ̀rín á sì pa èmi náà débi tí omi á fi wọ̀ mí lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí onílé pè ní ọjọ́ Àìkú kan.

Ó ní, "Màmá, mo ti ta ilé yẹn o. Ẹ má mikàn, ẹni tó rà á ní kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ó kàn ní òun ò fẹ́ adágún. Ẹ̀rù omi máa ń bà á. Ọjọ́ méjìlá sí òní, wọ́n á wá fa omi yẹn dànù, wọ́n á dí i, wọ́n á kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lé e lórí."

Mo ní, "Ọkọ̀ mélòó?"

Ó ní, "Mẹ́jọ."

Mo ní, "Ìdí mélòó ló ní tó fẹ́ fi jókòó sí ọkọ̀ mẹ́jọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ lẹ́rán síbi tí mo jókòó sí ní ilé ìdáná, mo ń wo adágún náà lọ́ọ̀ọ́kán, ara rẹ̀ ń dán, kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjìlá. Ẹsẹ̀ tí ọdún méjì kò tíì gbé sórí ilẹ̀, ṣé ọjọ́ méjìlá ló máa gbé e? Bí omi yìí bá lọ, orí àga onítáyà ni ọkọ mi máa wà títí ilẹ̀ á fi pa á mọ́. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mi ò bò ó.

Ó kàn wo òkun. Ó ní, "Ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́."

Mo ní, "Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀, Bàbá wọn. Ó fún yín lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé e."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ wàhálà nìyẹn. Láàárọ̀, inú omi. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, màá to àga méjì síra wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ atẹ́gùn, màá gbé e dúró láàárín wọn, màá sì bọ́ síwájú. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn!" Á gbé òsì. Á wo ọ̀tún bí ẹni ń wo ẹrù ẹlẹ́rù. Á sì jókòó padà. "Ìyá wọn, ó wúwo." Inú á bí mi, màá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, màá wá lọ gbé ojú pamọ́ sí yàrá ìwẹ̀ tí kò lórùlé, màá máa sunkún níbi tí ẹyẹ nìkan ti lè rí mi. Ọmọ wa pè, ó ní, "Màmi, ẹ fi ọrùn bàbá mi sílẹ̀." Mo ní ọrùn kọ́ ni mo dì mú, ẹsẹ̀ ni.

Àwọn ọjọ́ yẹn sì lẹ́wà, ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ó dà bíi pé ilé náà mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ge nǹkan kan kúrò lára òun, ó bá lọ wọ gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn labalábá aláwọ̀ òféèfé wọlé láti ẹ̀yìn, wọ́n gba ọ̀nà atẹ́gùn kọjá, bóyá igba, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a jókòó, a ò mí, títí èyí tó kẹ́yìn fi jáde sójú òkun. Ní ọjọ́ kẹfà, kùrukùru bo ohun gbogbo láàárọ̀. Nígbà tá a wọ omi, mi ò rí bèbè mọ́, mi ò rí òkun, mi ò rí ilé, ọwọ́ méjì nìkan ni mo rí tó di tèmi mú àti ojú rẹ̀ lókè wọn. A rìn lọ, a rìn bọ̀. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo lọ ra búrẹ́dì nísàlẹ̀ òkè. Òjò dé bá mi lójú ọ̀nà, òjò oníjì, mo sì rántí pé gbogbo fèrèsé òkè ni mo ṣí sílẹ̀. Yàrá mẹ́sàn-án! Mo sáré, mo ń fi búrẹ́dì bo orí, mo ń ṣépè fún ara mi. Nígbà tí mo dé, gbogbo pákó fèrèsé ti yí dé, wọ́n sì ti fi ìkọ́ kọ́ wọn lókè. Ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

Mo ní, "Ta ló ti fèrèsé?"

Ó ní, "Atẹ́gùn."

Mo ní, "Atẹ́gùn ló kọ́ ìkọ́?"

Ó ní, "Ayàwòrán yẹn mọṣẹ́. Ẹ̀rọ kan ti ní láti wà níbẹ̀ tí a ò mọ̀."

Mo gbà á gbọ́. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Nínú ilé tí àga ti ń na ẹsẹ̀ èèyàn jáde fúnra rẹ̀, tí iná ń tàn bí o bá ti wọ yàrá, kí ló kù tí mi ò ní gbà gbọ́? Mo tiẹ̀ lọ wá a nínú ìwé. N kò rí i.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Ayàwòrán fúnra rẹ̀ dé. Irun rẹ̀ ti ń funfun, pẹ́ńsùlù ṣì wà nínú rẹ̀. Ó wọ ilé, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń kí ẹranko ilé. Ó wọ gbogbo yàrá. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ilé mẹ́rìnlá lòun ti yà sí etí òkun, ìwé kan náà lòun fún gbogbo àwọn olùtọ́jú, mẹ́tàlá ti ń jẹrà. Àwọn olùtọ́jú yẹn kàn máa ń ṣí omi ẹ̀rọ, wọ́n á tún tì í, wọ́n á ní àwọn ti lò ó. "Èyí nìkan ló ń rùn bí ibi tí èèyàn ń gbé."

Mo ní, "Mà, tá a bá fẹ́ ṣe é lábọ̀ábọ̀, à bá má fọwọ́ sí i."

Ó jókòó sí etí adágún, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ mi fún un látòkèdélẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe ẹni tó ra ilé níṣojú mi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní oṣù mẹ́ta sí i. Ó gbọ́, ó gbọ́, ó ní ó ti yé òun. Ó fi fóònù sí orí itan.

"Màmá, kò gbà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ mi létí, tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, obìnrin náà wò mí, ó sì yára wo ibòmíràn. Mo rò pé ó ń tù ú nínú ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejìlá, kí aago méje tó lù rárá, ọkọ̀ ńlá kan ti dúró lẹ́nu gẹ́ètì. Ọkùnrin márùn-ún ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfami wá, wọ́n sì ń na páìpù rẹ̀, ó nípọn bí itan. A kò tíì wọ omi. Mo ti ti àga ọkọ mi dé etí àtẹ̀gùn, ìró wa ti wà nídìí wa. Mo ní kí wọ́n dúró dè wá fún wákàtí kan. Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè wá." Wọ́n ju ẹnu páìpù sínú omi, gbọ̀ọ̀, táìsì aró ìsàlẹ̀ gbọ̀n bí ara tó gbọ́ ìròyìn burúkú.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo fa páìpù yẹn jáde, mo sì jókòó lé orí ẹ̀rọ náà.

Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, ẹ dìde."

Mo ní, "Mi ò dìde. Ẹ wo ọkùnrin yẹn. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ohun tí ẹ fẹ́ dí. Kò lè rìn níbikíbi láyé yìí àfi ibẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ fa omi. Ẹsẹ̀ ọkọ mi lẹ fẹ́ fà dànù. Ẹ lọ sọ fún ẹni tó rán yín pé ìyá kan jókòó lé ẹ̀rọ yín, ó ní bó bá ní igba ọkọ̀, kó lọ gbé wọn sórí òkun."

Gbogbo ohun tí mo rò pé màá fi ìbínú sọ, ẹkún ló bá a jáde. Mo di páìpù mú mọ́ àyà, mo ń sunkún bí ọmọdé lójú ọkùnrin márùn-ún. Wọ́n gbójú sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà. Ọ̀gá wọn ń họ ọrùn, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ tí àga onítáyà ké fín-ín.

Mo gbé ojú sókè. Ọkọ mi ti dìde. Ó fi ọwọ́ òsì ti ọwọ́ àga, ó nà tán, ó sì fi àga sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e, kò sí omi tó bá a gbé e. Ó rìn gba etí adágún kọjá, lórí òkúta gbígbẹ, kò di nǹkan kan mú, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gba páìpù lọ́wọ́ mi, ó sì nà án sí ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́.

Ó ní, "Ẹ tan ẹ̀rọ yín. Ẹ má bínú sí ìyàwó mi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Mo dìde lórí ẹ̀rọ. Wọ́n tàn án. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Ó ti tó oṣù méjì. Bó o bá ti lọ ra nǹkan, màá dìde."

"Fèrèsé."

"Èmi ni."

"Ayàwòrán náà mọ̀?"

"Ó rí ojú ẹsẹ̀ mi tó ń wọ́ nínú eruku yàrá ìwé lánàá. Ó ní kí n sọ fún ọ. Mi ò lè sọ."

Ẹ ò mọ bí inú ṣe bí mi. Oṣù méjì! Mo ti gbé e, mo ti tì í, mo ti wọ aṣọ fún un, mo ti fi ọjọ́ méjìlá sunkún nítorí ẹsẹ̀ tó ń rìn. Mo sọ ọ́ síta. Mo ní, "Ọ̀gá Títọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi táìsì kan sílẹ̀ ní wíwọ́. Ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú ayé, ẹ jẹ́ kí n jókòó lé ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ó dúró níwájú mi, ó ń wo omi tó ń sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ti yọ, ó ń gbẹ nínú oòrùn.

Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi wà pọ̀ kí àìsàn yìí tó dé, Ìyá wọn, o ò di ọwọ́ mi mú rí. Èmi náà ò dì tìẹ mú. Mi ò mọ̀ pé ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé lọ́jọ́ tí mo bá rìn, wàá yọ̀, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wàá sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Àárọ̀ kan sí i ni mo máa ń wí. Àárọ̀ kan péré sí i, kí n tó sọ fún un."

Mo wo ọkùnrin yìí, tó fi ara rẹ̀ ṣe arọ fún ọgọ́ta ọjọ́ nítorí ọwọ́ tèmi, ọwọ́ tó le bí pákó, tó ń rùn bí ọṣẹ ìfọlẹ̀. Mo fẹ́ bú u. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò wá, mi ò sì ní ìtìjú kankan mọ́.

Mo na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ mú un."

Ó mú un. A dúró síbẹ̀ títí aró fi yọ, títí ewé fi yọ, tí ìsàlẹ̀ adágún fi gbẹ táútáú. Ọwọ́ rẹ̀ móoru, ó sì gbẹ, ó ní èépá lórí àtàǹpàkò, gbogbo ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là láti ọjọ́ pípẹ́ ń họ mí lára. Mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ rí, torí inú omi ni mo ti máa ń dì í mú.